Wọ́n ní pléyà fídíò mi ní buffer overflow: ṣé kí n yọ ọ́ kúrò ni?

Olólùfẹ́Fíìmù

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ka ìkìlọ̀ kan pé pléyà tí mo fi ń wo fídíò lórí kọ̀ǹpútà ní àlébù tí wọ́n ń pè ní buffer overflow. Wọ́n ní tí èèyàn bá fi í ṣí fáìlì tí olè kan ti ṣe nǹkan sí, olè náà lè gba àkóso kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Ohun tí kò yé mi nìyí: fídíò kì í ṣe áàpù. Àwòrán ni mò ń wò, ohùn ni mò ń gbọ́, mi ò fi nǹkan kan sórí ẹ̀rọ. Báwo ni wíwò lásán ṣe lè ṣílẹ̀kùn fún olè?

Ìkejì, pléyà yìí nìkan ló ń ṣí àwọn fídíò ìdílé wa tó ti pẹ́, èyí tí a gbà sílẹ̀ nígbà tí àwọn òbí wa ṣì wà láyé. Mi ò fẹ́ pàdánù wọn rárá. Ṣé kí n yọ pléyà náà kúrò ni, àbí ọ̀nà mìíràn wà?

Akọ̀wéKóòdù

Ẹ fọkàn balẹ̀, fídíò yín ò ní sọnù. Pléyà lọ́tọ̀, fáìlì lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́, nítorí tí ìyẹn bá yé yín, ìyókù á rọrùn.

Lóòótọ́ fídíò kì í ṣe áàpù, ṣùgbọ́n áàpù ló ń kà á. Ẹ mú fáìlì MP4 bí àpẹẹrẹ. Àpótí nínú àpótí ni. Báìtì 4 àkọ́kọ́ nínú àpótí kọ̀ọ̀kan ló ń sọ bó ṣe gùn tó, báìtì 4 tó tẹ̀ lé e ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Ta ló kọ gígùn yẹn síbẹ̀? Ẹni tó ṣe fáìlì náà ni. Ó lè parọ́.

Nígbà tí pléyà bá fẹ́ ka nǹkan látinú fáìlì, ká sọ pé orúkọ olórin, ó máa ń ya àyè sọ́tọ̀ fún un nínú mẹ́mọ̀rì. Àyè yẹn ni bọ́fà, ìyẹn buffer. Ká ní báìtì 256 ló yà sọ́tọ̀, kí fáìlì wá gbé 900 dé. Tí ẹni tó kọ pléyà bá rántí yẹ gígùn wò, pléyà ò ní gba fáìlì náà, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, báìtì 256 á wọlé, 644 tó kù á kún wọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì bo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́fà náà mọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní buffer overflow nìyẹn. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń kọ orúkọ sínú àpótí kékeré lórí fọ́ọ̀mù, tí kò dúró níbi tí àpótí parí sí, tó ń kọ ọ́ lọ títí ó fi pa ohun tí wọ́n ti kọ sínú àpótí kejì rẹ́.

Kí ló wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́fà? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tí bọ́fà bá wà nínú apá mẹ́mọ̀rì tí wọ́n ń pè ní stack, àdírẹ́sì kan wà nítòsí rẹ̀ tó ń sọ ibi tí ètò máa padà sí tó bá parí iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́. Olè á ṣírò báìtì rẹ̀ débi pé èyí tó kún wọ́ sílẹ̀ á bọ́ sórí àdírẹ́sì yẹn gẹ́lẹ́. Ètò ò ní padà síbi tó ti wá mọ́, ibi tí olè darí rẹ̀ sí ló máa gbà. Ohunkóhun tó bá sì ṣe níbẹ̀, agbára tí ẹ̀yin fúnra yín ní lórí kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣe é. Tó bá jẹ́ inú heap, apá mẹ́mọ̀rì mìíràn, ni bọ́fà wà, ọ̀nà tí olè ń gbà yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi kan náà ló ń lọ.

Èdè C àti C++ ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú àwọn pléyà, torí pé iṣẹ́ wọn yá. Àwọn èdè wọ̀nyí kì í bá ẹni ṣọ́ àyè. strcpy, àṣẹ kan nínú C tó ń da ọ̀rọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, á máa da báìtì lọ títí á fi bá báìtì tó jẹ́ òdo pàdé, ì báà jẹ́ pé bọ́fà ti kún tipẹ́.

Àgbà_Ẹ̀rọ

Àlàyé yẹn pé. Kí n fi kún un pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1988, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Morris gba irú ihò yìí wọ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò kan tó ń jẹ́ fingerd ya báìtì 512 sọ́tọ̀, kòkòrò náà sì fi 536 ránṣẹ́ sí i. Báìtì 24 péré ló lé.

Ní ti pléyà, ẹ má rò pé fíìmù nìkan ló lè gbé e wá. Lọ́dún 2006, wọ́n rí i pé tí Winamp 5.12 bá ṣí fáìlì àtòjọ orin, irú èyí tó ń parí sí .pls, tí orúkọ fáìlì tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ sì gùn kọjá àlà, bọ́fà rẹ̀ á kún wọ́ sílẹ̀. Ẹ̀dà 5.13 ló dí i. Ẹ kíyè sí i pé .pls kì í ṣe orin rárá, ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, ó kan QuickTime: àdírẹ́sì rtsp:// tó gùn jù ló ṣe é, kò tiẹ̀ nílò fáìlì fídíò kankan.

Èyí tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu jù ni ti ọdún 2017, nígbà tí iléeṣẹ́ Check Point fi hàn pé èèyàn lè gba subtitle wọlé, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó máa ń hàn nísàlẹ̀ fíìmù. Ó kan àwọn pléyà bíi VLC, Kodi, Popcorn Time àti Stremio. Ní ti VLC, ibi tó ti ń ka oríṣi subtitle kan tí kò wọ́pọ̀ ni ihò náà wà, ẹ̀dà 2.2.5 ló sì tún un ṣe. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé àwọn pléyà kan máa ń lọ wá subtitle fúnra wọn lórí ayélujára, ẹni tó ń wo fíìmù ò ní tẹ nǹkan kan. Tí tiyín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pa á kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn.

Arìnrìn_Ayélujára

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, èmi rò pé ẹni tó bá ti ní antivirus tó dára, kò yẹ kó máa dààmú ara rẹ̀. Mo tún gbọ́ pé Windows fúnra rẹ̀ ti ní ohun tó ń dènà irú nǹkan báyìí.

Aṣọ́Nẹ́tíwọ̀kì

Kò burú pé ẹ mú un wá. Antivirus máa ń mọ fáìlì tí wọ́n ti rí rí, tàbí ìwà tó jọ ti kòkòrò. Fáìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe láàárọ̀ yìí fún pléyà kan ṣoṣo lè gba iwájú rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé ó sọ̀rọ̀. Ẹ ní in, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ má fi rọ́pò ẹ̀dà tuntun.

Ti Windows náà jóòótọ́. Láti ìgbà Service Pack 2 ti Windows XP ní ọdún 2004 ni ó ti ní DEP, tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ látinú apá mẹ́mọ̀rì tó wà fún dátà nìkan. ASLR náà wà, tó ń yí ibi tí nǹkan wà nínú mẹ́mọ̀rì padà kí olè má mọ ibi tó máa darí ètò sí. Àmì kan tún wà tí wọ́n máa ń fi síwájú àdírẹ́sì ìpadàbọ̀ tí Akọ̀wéKóòdù sọ yẹn: tí báìtì bá kún dé ibẹ̀, àmì yẹn ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́, ètò á sì pa ara rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló fà á tí ìkọlù tí ìbá gba kọ̀ǹpútà fi sábà máa ń parí sí kí pléyà kàn kú lójijì. Wọ́n sọ iṣẹ́ olè di líle, wọn ò dí ihò. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú máa ń so àlébù méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ kí wọ́n lè kọjá.

Olólùfẹ́Fíìmù, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe báyìí: ẹ ṣí pléyà náà, ẹ lọ sí Help, ẹ tẹ About, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá padà sí ìkìlọ̀ tí ẹ kà, ẹ wo ẹ̀dà tí wọ́n ní ó kan, kí ẹ sì wá nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CVE, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àlébù kọ̀ọ̀kan mọ̀. Nọ́ńbà CVE yẹn ni kí ẹ fi ṣe ìwádìí lórí ojúlé àwọn tó ṣe pléyà gan-an. Ẹ má tẹ líǹkì inú ìkìlọ̀ láti gba ẹ̀dà tuntun, torí àwọn olè náà máa ń kọ ìkìlọ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìwádìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2019. Ìròyìn tàn pé VLC ní ihò ńlá, CERT-Bund, àjọ ìjọba Jámánì tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà, kìlọ̀ nípa rẹ̀, àwọn oníròyìn kan sì ní kí gbogbo ayé yọ ọ́ kúrò. VideoLAN, àwọn tó ń ṣe VLC, wá ṣàlàyé pé inú libebml ni àlébù náà wà, ìyẹn láíbúrárì (àkójọ kóòdù tí àwọn ètò máa ń yá lò) tí àwọn ẹlòmíràn kọ, àti pé wọ́n ti tún un ṣe ní ohun tó lé ní oṣù 16 ṣáájú. Láti ẹ̀dà 3.0.3 ni VLC ti ń gbé èyí tó dára. Kọ̀ǹpútà tí láíbúrárì rẹ̀ ti gbó ni ẹni tó mú ẹjọ́ wá lò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti yọ pléyà tí kò ní ìṣòro kankan kúrò nígbà náà, ó dùn mí gan-an, torí kò dájú pé ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ sàn jù ú lọ.

Àgbà_Ẹ̀rọ

Òótọ́ ni. Àmọ́ ìgbà kan wà tí yíyọ kúrò jẹ́ ìdáhùn kan ṣoṣo. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, wọ́n kéde àlébù méjì nínú QuickTime ti Windows, Apple sì ti dáwọ́ dúró lórí rẹ̀, kò sí àtúnṣe kankan tó ń bọ̀. US-CERT, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà nígbà náà, ní kí àwọn èèyàn yọ ọ́ kúrò. Bí mo ṣe ń dá a sí nìyí: tí àwọn tó ṣe é bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ gba ẹ̀dà tuntun. Tí wọ́n bá ti pa á tì, ẹ sin ín.

Olólùfẹ́Fíìmù

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti wò ó. Ẹ̀dà tí mo ní wà lára àwọn tó ní àlébù, àwọn tó ṣe é sì ti gbé èyí tuntun jáde. Mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń wá ẹ̀dà tuntun, ó ní òun ti gbà á sílẹ̀. Ṣé ó ti parí nìyẹn? Kí wá ni ti fóònù mi? Orí rẹ̀ ni mo ti ń wo èyí tó pọ̀ jù.

Aṣọ́Nẹ́tíwọ̀kì

Kò tíì parí. Gbígbà sílẹ̀ lọ́tọ̀, fífi sórí ẹ̀rọ lọ́tọ̀. Lọ́dún 2021, VLC 3.0.12 ní ìṣòro gan-an lórí èyí: á gba ẹ̀dà tuntun sílẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò pé ojúlówó ni, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sórí ẹ̀rọ. Àwọn èèyàn ní láti lọ gbé e fúnra wọn. Nítorí náà, ẹ pa pléyà pátápátá, ẹ tún un ṣí, ẹ padà sí About. Tí nọ́ńbà ò bá tíì yí padà, ẹ lọ gbà á lórí ojúlé wọn.

Ẹ má gbàgbé pé kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá tẹ fáìlì lẹ́ẹ̀mejì nìkan ni nǹkan ń kà á. Àwòrán kékeré tó máa ń hàn lórí fídíò nígbà tí ẹ bá ṣí àpò fáìlì, ètò kan ló ka fídíò náà kó tó lè ya á. Ẹ jẹ́ kí Windows, macOS tàbí Linux yín náà wà lórí ẹ̀dà tuntun. Bákan náà ni bráwúsà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n rí àkúnwọ́sílẹ̀ bọ́fà nínú libvpx, láíbúrárì fídíò tí Chrome àti Firefox jọ ń lò, àwọn kan sì ti ń fi ṣọṣẹ́ kí àtúnṣe tó jáde.

ÌyáTẹ́kì

Ẹ jẹ́ kí n gba ti fóònù. Ní oṣù Keje ọdún 2015 ni ayé gbọ́ nípa Stagefright, láíbúrárì tí Android fi ń ka fídíò. Joshua Drake ti iléeṣẹ́ Zimperium ló rí àwọn àlébù náà. Láti Android 2.2 títí dé 5.1 ni ó kàn, wọ́n sì fojú bù ú pé fóònù tó wà nínú ewu tó mílíọ̀nù 950. Nígbà náà, nọ́ńbà fóònù yín nìkan ni olè nílò: á fi fídíò ránṣẹ́ nípasẹ̀ MMS, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń gbé àwòrán àti fídíò, fóònù á gbà á, á kà á, kí ẹ tó gbójú sókè.

Ohun rere ti inú rẹ̀ jáde. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015 ni Google bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àtúnṣe ààbò jáde lóṣooṣù. Nígbà tí Android 7.0 sì dé ní ọdún 2016, wọ́n pín iṣẹ́ kíka fídíò sí ètò kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn há mọ́ àyè tirẹ̀, kí ẹni tó bá gba ọ̀kan má lè gba gbogbo ilé. Nítorí náà, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Android security update sí, ẹ wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Tí ọjọ́ náà bá ti pẹ́ gan-an, tí àwọn tó ṣe fóònù ò sì fi nǹkan ránṣẹ́ mọ́, ẹ má fi irú fóònù bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ báńkì. Ẹ tún pa gbígba fídíò sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú MMS àti nínú àwọn áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ yín. Ìyẹn ò tó ìṣẹ́jú kan, ó sì ń dí ọ̀nà gbooro.

Ọ̀dọ́Aṣètò

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gba èmi náà. Mò ń fi C kọ ètò kékeré kan tó ń ka fáìlì ohùn WAV. Mo ti ń yẹ gígùn wò kí n tó da báìtì sínú bọ́fà. Ṣé ìyẹn ti tó?

Akọ̀wéKóòdù

O kú iṣẹ́, àbúrò mi. O ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó o gbà yẹ̀ ẹ́ wò ṣe pàtàkì ju pé o yẹ̀ ẹ́ wò lọ.

Nọ́ńbà tó jẹ́ bit 32 tí kò ní àmì òdì ò lè ju 4,294,967,295 lọ. Fi 1 kún un, á padà sí 0. Ibi tí ọ̀kan nínú àwọn àlébù Stagefright ti wá gan-an nìyẹn. Ó ro gígùn méjì pọ̀ láti mọ iye àyè tó máa yà sọ́tọ̀. Fáìlì olè gbé gígùn ńlá kan wá, àròpọ̀ kọjá òpin, ó sì yí padà di nọ́ńbà kékeré. Àyè kékeré ni wọ́n yà, ẹrù ńlá ni wọ́n dà sí i. Nítorí náà, má ṣe kọ ibi + gigun > opin. Kọ gigun > opin - ibi, lẹ́yìn tó o bá ti rí i dájú pé ibi ò tíì kọjá opin. Ìṣirò kan náà ni lójú tíṣà, ṣùgbọ́n èkejì ò lè yí po.

Má lo int, irú nọ́ńbà tó lè jẹ́ òdì, fún gígùn. Tí fáìlì bá mú kí gígùn di -1, ó kéré sí 256, á sì yege ìdánwò rẹ. Tó bá dé ọwọ́ memcpy, àṣẹ tó ń da báìtì, á di nọ́ńbà tó tóbi gan-an. size_t, tí kì í ní àmì òdì, ni kó o lò.

Nínú WAV ní pàtó, apá fmt, tó ń sọ irú ohùn tó wà nínú fáìlì, sábà máa ń jẹ́ báìtì 16 fún PCM, ìyẹn ohùn tí wọn ò fún pọ̀, àwọn èèyàn sì máa ń ya 16 sọ́tọ̀, wọ́n á wá ka iye tí fáìlì bá pè. Iye tí ìwọ ní àyè fún ni kó o kà, kó o fo ìyókù. Má sì gbàgbé láti fi gígùn tí fáìlì pè wé bí fáìlì fúnra rẹ̀ ṣe gùn tó.

Lẹ́yìn ìyẹn, fi -fsanitize=address, tó ń mú àṣìṣe mẹ́mọ̀rì, kọ́ ètò rẹ, kó o wá jẹ́ kí AFL++ tàbí libFuzzer máa ju fáìlì tó ti bàjẹ́ lù ú láti alẹ́ dé àárọ̀. Á rí ohun tí ojú rẹ ò rí. Tí wọ́n bá gbà ọ́ láyè láti yan èdè, mo rọ̀ ọ́ kó o wo Rust fún apá tó ń ka fáìlì. Microsoft sọ lọ́dún 2019 pé nǹkan bí ìpín 70 nínú 100 àwọn àlébù ààbò tí àwọn ń tún ṣe lọ́dọọdún ló jẹ́ ti mẹ́mọ̀rì. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó mọ C dáadáa nìyẹn o, nítorí náà má sọ pé ìwọ á ṣọ́ra jù wọ́n lọ.

Arìnrìn_Ayélujára

Ó ti yé mi wàyí, ẹ ṣeun. Ẹni tó bá ti ṣí fáìlì tó fura sí ńkọ́, tí pléyà rẹ̀ sì kú lójijì?

Aṣọ́Nẹ́tíwọ̀kì

Kí pléyà kú kò túmọ̀ sí pé olè ti wọlé. Fáìlì tó bàjẹ́ lásán náà máa ń pa á. Ibi tí ẹ ti rí fáìlì náà ni kí ẹ fi dá ẹjọ́. Tó bá wá látọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ò mọ̀, tàbí tí ohun àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ẹ já a kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lo ẹ̀rọ mìíràn láti yí ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì àti ti báńkì padà, kí ẹ wá gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má pa fáìlì náà rẹ́, ẹ má sì pín in fún ẹnikẹ́ni láti dán an wò. Àwọn tó ṣe pléyà sábà máa ń ní àdírẹ́sì ímeèlì fún ọ̀rọ̀ ààbò, ibẹ̀ ni kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó gbé e síta kí àtúnṣe tó dé ń fún olè ní ohun èlò.

Ohun kan tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tí mò ń bá tọ́jú ẹ̀rọ: ẹ má máa wo fíìmù lórí àkáǹtì alákòóso. Ẹ ṣí àkáǹtì lásán, kí ẹ máa wò ó níbẹ̀. Tí olè bá gba pléyà, ìwọ̀nba agbára tí àkáǹtì yẹn ní ló máa bá.

Olólùfẹ́Fíìmù

Mo ti pa á, mo tún un ṣí, nọ́ńbà ti yí padà. Ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀. Ìbéèrè tó kù fún mi ni ti àwọn fídíò àtijọ́ wọ̀nyẹn. Ṣé àwọn gan-an lè ní nǹkan nínú?

Akọ̀wéKóòdù

Rárá o. Àlébù yìí nílò ẹni tó jókòó ṣe fáìlì náà pẹ̀lú ète. Fídíò tí kámẹ́rà yín gbà sílẹ̀, tó sì ti wà lọ́wọ́ yín látìgbà náà, kò sí olè kankan nínú rẹ̀. Ẹ máa wò wọ́n.

Ṣùgbọ́n nítorí pé pléyà kan ṣoṣo ló ń ṣí wọn, ẹ fi HandBrake tàbí FFmpeg tuntun, àwọn ètò tó ń yí irú fídíò padà, ṣe ẹ̀dà wọn sí MP4, kí pléyà mìíràn náà lè ṣí wọn. Tí wọ́n bá pa pléyà yẹn tì lọ́jọ́ kan, ẹ ò ní sí lábẹ́ àjàgà rẹ̀. Ẹ má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ o, torí pé àwòrán máa ń dín kù díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá yí i padà. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sórí díìsì méjì tó yàtọ̀ síra, kí ọ̀kan nínú wọn má sí lára kọ̀ǹpútà.